Olè Tó Fẹ Ilé Ìdáná

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ń le? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwa níbí ò ṣàìsàn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí lẹ́tà yìí ṣe bá ọ láyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ire gbogbo á máa bá ọ láyọ̀, o ò ní sá fún ohun tó yẹ kó jẹ́ tìrẹ.

Má bínú pé lẹ́tà nìkan ni dírẹ́bà tí o rán wá gbé padà dé. Kọ̀ǹpútà rẹ ṣì wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Èmi ni mo ní kó má gbé e, ọkùnrin náà ò jẹ̀bi, má bá a jà. Fara balẹ̀ ka èyí tán kí o tó gbé fóònù.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí o ti sọ fún wa pé ìlú ńlá lọ́hùn-ún lo ti máa máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó wà nílé, kò fi ṣòkòtò péńpé nìkan rìn ní pálọ̀ mọ́. Ó ní ọmọ òun obìnrin ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀, kò yẹ kó máa rí itan òun. Mo ní ṣebí ọwọ́ rẹ nìkan ló wà níbẹ̀, ojú rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ. Ó ní ta ló sọ fún mi. Ẹ̀wù ló kọ́kọ́ ń wọ̀ báyìí kó tó wá mu omi.

O ní kí n kàn máa tan kọ̀ǹpútà náà láràárọ̀, kí n má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, nítorí láptọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ rẹ ò lágbára tó láti gbé àwòrán ilé tí ẹ̀ ń yà níbi iṣẹ́, ti ilé ló lè gbé e. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo mú tépù, mo wọn àyà rẹ̀ àti èjìká rẹ̀, mo rán aṣọ fún un kí eruku má bàa bà lé e, mo fi léèsì sí etí aṣọ náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ọfà kékeré yẹn tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà láìsí ẹni tó jókòó síbẹ̀, omijé bọ́ lójú mi. Ọwọ́ ọmọ mi rèé! Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mi ò fojú kàn ọ́, mo wá ń rí ọwọ́ rẹ lójoojúmọ́. Mo yí àga mi síbẹ̀, mò ń rán aṣọ, mò ń wò ọ́. Tí ọfà bá dúró lọ́sàn-án, màá ní ó ti lọ jẹun, inú mi á dùn. Tí kò bá dúró, màá máa kùn títí bàbá rẹ á fi ní kí n jẹ́ kí ọmọ gbádùn.

Ọ̀rọ̀ wá di ti Ọjọ́rú. O ti sọ pé ọjọ́ Jímọ̀ lo máa gbé àwòrán ilé náà síwájú ọ̀gá yín, pé tó bá dára wọ́n á gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá, tí kò bá dára kí o máa wá iṣẹ́ míì. Ọkàn mi ò balẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rí i pé ojú kan náà lo wà, o fà á, o pa á rẹ́, o tún fà á. Mo nu gíláàsì ojú mi, mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ilé ìdáná ni. Ọmọ mi, ilé ìdáná yẹn há! Téèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn, ìdí ẹni ló máa kan sítóòfù. Mo wá rántí bí mo ṣe máa ń di ọwọ́ rẹ mú nígbà tí mò ń kọ́ ọ láti gé aṣọ, tí sìsọ́ọ̀sì bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ. Mo ní ẹ jẹ́ n di ọwọ́ ọmọ mi mú. Mo gbé ọwọ́ lé máòsì, mo rọra fa ògiri ilé ìdáná náà sẹ́yìn. O fà á padà. Mo ní rárá o, mo tún fà á. O tún fà á padà. Agídí rẹ ò tíì dín kù! Mo wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, mo fà á dé ibi tó yẹ, ọwọ́ rẹ dẹ̀, o fi í sílẹ̀. Mo ní ọpẹ́ o, ó ti gbọ́.

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí fóònù fi dún. Ìwọ ni, ò ń ké pé Màámi, ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà, olè ti wọ inú rẹ̀, ó ń já iṣẹ́ gbà mọ́ ọ lọ́wọ́. Àyà mi já! Mo yọ wáyà. Bàbá rẹ ti ilẹ̀kùn, ó di igi ìgbálẹ̀ mú, èmi di sìsọ́ọ̀sì ńlá mú, a jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di ìrọ̀lẹ́, pé tó bá jáde, ọwọ́ wa ló máa bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó jáde. Bàbá rẹ ní ó ti gba ẹ̀yìn lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ o pè wá, o ní wọ́n ti gbà ọ́, pé àwòrán náà ti dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí n tó yọ wáyà, pé o ò ráyè tún un ṣe mọ́, bó ṣe wà lo ṣe gbé e lọ, àti pé bí ilé ìdáná yẹn ṣe fẹ̀ ló wu ọ̀gá jù. A jó yí pálọ̀ ká, tòun ti orúnkún bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n o ní ẹ̀rù olè ṣì ń bà ọ́, pé o máa ní kí wọ́n wá gbé kọ̀ǹpútà náà wá sọ́dọ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ mi kọ ijó lójú ẹsẹ̀.

Dírẹ́bà dé láàárọ̀ yìí. Bó ṣe ń tú wáyà, mò ń sọ fún un bí mo ṣe di ọwọ́ rẹ mú lọ́jọ́ náà àti bí olè ṣe wá wọlé lẹ́yìn mi. Ó dúró, ó ní Màmá, ẹ tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní ẹ̀yin gan-an ni olè náà. Inú kọ́kọ́ bí mi, nítorí a kì í jalè nílé wa. Ó wá ṣàlàyé pé ọfà kan ṣoṣo ni èmi àtìwọ jọ ń fà. Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni. Olè wo ló máa wọlé tí kò ní gbé ṣíbí, tó jẹ́ ilé ìdáná ló máa bá èèyàn fẹ̀?

Nítorí náà kò sí olè, ọmọ mi, mo sì ti ní kí dírẹ́bà dá wáyà padà. Mo bẹ̀ ọ́, fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún wa. Mo mọ̀ pé nǹkan rẹ ni. Ṣùgbọ́n tí o bá gbé e lọ, ibo ni màá ti máa rí ọ? Lórí fóònù, dáadáa lo máa ń ní o wà, kódà tó bá rẹ̀ ọ́. Ọfà yẹn ò mọ irọ́ pa. Mi ò ní fọwọ́ kan máòsì mọ́, àfi tí ilé ìdáná bá tún há.

Tí owó oṣù tuntun bá dé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra tìmùtìmù sórí àga mi, nítorí àga onígi ni, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni mò ń jókòó tì ọ́. Bàbá rẹ ní kí o fi ti ẹ̀wù méjì kún un, ó ní ìwọ lo sọ òun di aláṣọ. Ọlọ́run á gbé ọ ga níbi iṣẹ́ náà. Bí o ṣe ń ya ilé fún ọmọ ẹlòmíràn, wàá kọ́ tìrẹ, wàá gbé inú rẹ̀ pẹ́.

Ohun kan ló ṣì ń dùn mí. Gbogbo àárọ̀ tí o fi ń dé, iṣẹ́ lo máa ń kọjú sí tààrà, o ò kí mi rí. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Tó bá di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kọ́kọ́ fa ọfà náà wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí n mọ̀ pé o ti kúnlẹ̀. Màá ti jókòó síbẹ̀, màá sì dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.