Baálẹ̀ Ọjọ́ Kan

Ẹ dákẹ́ ná! Yeonju ọmọ mi, pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Sol, ọmọ ọmọ mi, wá jókòó ti ìyá ẹ, ìyá àgbà fẹ́ sọ̀rọ̀. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ àwa àgbà ní bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù yìí, fóònù fúnra ẹ̀ ló máa kọ ọ́ bíi lẹ́tà. Mo ń rọra sọ ọ́, kí ọwọ́ má baà ro ó.

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Seoul ò mú yín jù? Ẹsẹ̀ yín ò ní kọ lójú ọ̀nà, iṣẹ́ ọwọ́ yín ò ní sú yín. Ajá wa ti bímọ o, gbogbo ọmọ ẹ̀ ló jọ ajá Bàbá Bae aládùúgbò wa. Bàbá Bae ní irọ́ ni.

Yeonju, ọ̀rọ̀ tó o sọ nígbà tó o pè kẹ́yìn ń jẹ mí lọ́kàn. O ní wọ́n fi ẹ́ ṣe olórí níbi iṣẹ́, o pe ìpàdé, kò sẹ́ni tó lanu, pé tó bá di ọjọ́ Ajé, wàá dá ipò náà padà fún ọ̀gá. Mo ti mọ èsì ẹ̀ báyìí.

Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó fún wa pé: bí o bá jẹ́ baálẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí lo máa ṣe? Ó ní ká lọ ronú sí i nílé. Èmi sì rò ó pé ìjọba ló rán an, torí ta ló máa bi èèyàn nírú ẹ̀ láìfi í jẹ baálẹ̀? Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn abúlé lọ́wọ́ ìyàwó baálẹ̀, mo tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn ibẹ̀. Mo ní, ẹ̀yin ará Dolmoe, èmi ni baálẹ̀ òní, ẹ gbé kábééjì yín wá síbí, ká jọ fi iyọ̀ àti ata ṣe kimchi tá a máa jẹ nígbà òtútù, kí ẹnikẹ́ni má dá fi iyọ̀ sí tiẹ̀. Bàbá Bae pariwo láti ojúde ẹ̀ pé ta ló fi ẹ́ jẹ baálẹ̀? Mo ní tíṣà ni! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n bú mi. Kò sẹ́ni tó wá. Fóònù, ṣé o ṣì ń bá mi bọ̀?

Mo jókòó síbẹ̀ títí ìdí mi fi tutù. Mo ní èmi náà á dá tèmi padà. Àfi bó ṣe sọ sí mi lọ́kàn pé gbogbo abúlé ló bú mi, Ìyá Dongil nìkan ni ò bú mi. Obìnrin tó jẹ́ pé èébú ló fi ń kí mi láàárọ̀! Mo bá lọ sílé ẹ̀. Mo bá a níwájú òkìtì kábééjì, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ti wú, kò lè gbé ẹyọ kan. Ó ní, "Baálẹ̀ àpàpàǹdodo, kí lo wá gbà?" Mo ká apá aṣọ, mo ki ọwọ́ bọ omi iyọ̀.

Ìyàwó Bàbá Bae yọjú lórí ògiri, ó rí mi, ó gbé aáyù wá. Ẹlòmíràn gbé ata wá. Kó tó di ọ̀sán, àgbàlá ti kún. Baálẹ̀ gan-an dé, ó ru àpò iyọ̀, ó ní, "Baálẹ̀ tuntun, ẹ kú iṣẹ́ o, níbo ni kí n sọ ọ́ sí?"

Ọmọ mi, má tíì dá a padà. Nínú àwọn èèyàn ẹ, wo ẹni tó dákẹ́ jù. Lọ bá a níbi tó jókòó sí, bá a gbé ohun tó wúwo. Àwọn tó kù á tẹ̀lé ẹ.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ibọ̀sẹ̀ tó nípọn, oyè yìí tutù. Olúwa á fi ẹni tó ń—

Ta nìyẹn? Ìyá Dongil ni. Ó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ bí wèrè. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé ìyá ẹ ti fi iyọ̀ ba kimchi òun jẹ́. Ẹ gbọ́ ọ? Ẹnu èébú ẹ̀ ti padà! Ó gbé ìkòkò kimchi kan dání, àṣé ó ti ń gbọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní tìẹ kọ́ o, ti ẹni tó dákẹ́ níbi iṣẹ́ ẹ ni.