Ihò Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Àbúrò mi,

Ṣé dáadáa ni ìyàwó wa àti àwọn ọmọ wà? Màmá ń kí yín. Orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ ni. Láti ìgbà tó ti sọ ètò inú ara rẹ̀ di tuntun, ihò USB-C rẹ̀, ibi tí wáyà ń wọ̀, kò gbé àwòrán sórí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ihò náà ti kú, kí n fi gbogbo ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ara fu mí. Mo ní ṣé kì í ṣe dírẹ́bà, ìyẹn ètò tó ń darí ihò náà, ló dàrú? Ó ní kí n má kọ́ òun níṣẹ́. Bó ṣe ń jágbe mọ́ mi, ihò yẹn gan-an ló ki wáyà fóònù rẹ̀ bọ̀, iná sì ń wọ inú fóònù náà! Òkú wo ló ń bọ́ alààyè? Mo gbé ẹ̀rọ mi, ó dilé.

Jọ̀ọ́, fi dírẹ́bà tó tọ́ ránṣẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń sin ohun tó ṣì ń mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.