Màálù Pupa Tó Ń Wúkọ́ ní Alábàtà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Èmi Sàfú kúnlẹ̀ kí yín láti Niu Sílándì. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Rísí àbúrò mi, o kú wàhálà gbogbo wa. Ẹ kú ooru o. Òtútù ni tiwa níbí, kì í sì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Bàbá, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Mo ní ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní pọ́sọ̀mù là ń dẹ pàkúté fún nínú igbó, pé ó tó ológbò, ó sì fi díẹ̀ jọ òkété. Ẹ ní ṣé dídùn ni. Mo ní a kì í jẹ ẹ́. Háà! Ẹ kígbe pé ẹran ń ṣòfò, pé ará Abẹ́òkúta kò gbọdọ̀ gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àmọ́ ikọ́ ife ni ẹranko yìí ń kó ran màálù. Ọ̀gá mi ní ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, pé èèyàn ló kó o wá láti ilẹ̀ mìíràn nítorí irun ara rẹ̀, màálù ló sì kọ́kọ́ kó ikọ́ ràn án. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, àlejò bíi tèmi ni. Bí àìsàn bá ti wọ̀ ọ́ lára, á máa rìn kiri pápá bí ọ̀mùtí lọ́sàn-án gangan. Àwọn màálù á wá wò ó, wọn á máa gbóòórùn rẹ̀, wọn á máa lá a. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o.

Ohun tí mo rò nìyẹn nígbà tí Rísí pè mí. Ó ní màálù pupa tí ẹ rà sí Alábàtà nígbà tí ẹ fi iṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀ ti ń rù, ó ń wúkọ́. Ó ní àràárọ̀ lẹ ń lọ jókòó tì í, tí ẹ ń mu wàrà rẹ̀ láìsè, torí ẹnìkan ní ó ń wo ikọ́. Ẹ̀yin náà sì ń wúkọ́ láti ọjọ́ yìí! Àyà mi já. Ọ̀gá mi ti sọ fún mi pé wàrà màálù tó ní ikọ́ ife, bí a kò bá sè é, ó lè kó o ran èèyàn.

N kì í ṣe dókítà, ó sì lè má jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu wàrà tí a kò sè mọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ màálù wò, kí ẹ̀yin náà sì lọ sí ọsibítù. Rísí ní ẹ kọ̀, pé bí wọ́n bá dárúkọ ikọ́ yẹn, ará àdúgbò á ya kọ́ọ̀pù yín sọ́tọ̀. Bàbá, níbí, màálù tí ikọ́ ife bá mú, pípa ni wọ́n ń pa á. Èèyàn ní oògùn tirẹ̀, ó sì ń sàn. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ má bínú pé gbangba orí ayélujára ni mo kọ ọ́ sí. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni, ẹ ó ní ẹ kò gbọ́ mi dáadáa.

Nígbà tí ẹ ń ná gáréèjì Kútọ̀ sí Èkó, tí mo máa ń jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bí ẹ́ńjìnnì bá dún lódì péré, ẹ ó páàkì. Èrò á máa bú, ẹ ó ní kí ẹni tó ń kánjú sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn lẹ ń gbé délé. Èyí tó ń dún láyà yín yìí ńkọ́? Ẹ páàkì, Bàbá mi.

Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, á dá wa sí fún ara wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Lọ́jọ́ tí mo bá dé, n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn wá pàdé mi ní Kútọ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ rí.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàfú