Má Fi Ipò Kẹtàdínlógójì Sílẹ̀

Ọmọbìnrin mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìfaradà àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú ní ọsibítù yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àìsàn wọn ràn ọ́, abẹ́rẹ́ tí o fi ń gún wọn ò ní gún ọ. Tí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a wà, a ń jẹun, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ò jò mọ́ nítorí pé òjò ti dáwọ́ dúró. Màmá rẹ kí ọ, ṣùgbọ́n inú ń bí i sí ọ. Èmi fúnra mi, ìdúró ni mo wà tí mo ń kọ ìwé yìí, mo gbé e lé ojú fèrèsé, nítorí mi ò lè jókòó, ìwọ lo sì fà á. Màá dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù atúnkẹ̀kẹ́ṣe dé. Ó kà á sétí gbogbo àdúgbò, ọkùnrin yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. O ní o gun kẹ̀kẹ́ nínú ìdíje, o sì gbé ipò kẹtàdínlógójì. Inú mi dùn, mi ò lè pa á mọ́ra. Èèyàn kì í ṣàdédé wà ní ipò. Mo wọ ẹ̀wù funfun mi, mo kọjá sọ́dọ̀ aránṣọ tó wà lọ́ọ̀kán ilé wa, ẹni tí kò jẹ́ ká sinmi láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti di igbákejì ọ̀gá ní báńkì. Mo ní ọmọ tèmi náà ti wà ní ipò o, ó ku ọ̀gá mẹ́rìndínlógójì péré níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbàdúrà fún àwọn mẹ́rìndínlógójì yẹn, kì í ṣe pé kí wọ́n kú, kí wọ́n kàn máa fẹ̀yìn tì lọ́kọ̀ọ̀kan ní àlàáfíà.

Èyí tó dùn mí ni ìparí ọ̀rọ̀ rẹ. O ní tí o bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, àwọn awakọ̀ á máa fun fèrè mọ́ ọ, òjò á pa ọ́, taya á jò, òkè á sì gba gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ, o wá ń rò ó pé bóyá kí o fi í sílẹ̀. Ọmọ mi, ta ló ń fi ipò sílẹ̀ nítorí òjò?

Lẹ́yìn náà ni àwòrán dé. Ẹ̀yìn rẹ nìkan ló hàn, o tẹ̀ ba lórí kẹ̀kẹ́, aṣọ kan fún mọ́ ọ lára bí ìbọ̀sẹ̀, nọ́ńbà gàdàgbà wà lẹ́yìn rẹ. Mo gba fóònù náà, mo yí i padà kí n lè rí ojú rẹ, bátìrì ni mo rí. Màmá rẹ bú sẹ́kún. Ó ní abiyamọ kì í rí ẹ̀yìn ọmọ, ọmọ ló ń rí ẹ̀yìn òbí, ta ló wá ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí òun? Ó tún ní ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí lẹ́yìn. Mo ní ẹlẹ́wọ̀n wo ló ń gun kẹ̀kẹ́? Ó ní èyí tó ń sá lọ.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe wá fà wá jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní ipò yìí kì í ṣe ti ọ̀gá, ti ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀lé e ni. Pé ẹ máa ń kóra jọ láàárọ̀, ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ yí ìlú po, ẹ máa wá padà síbi tí ẹ ti gbéra. Mo ní kí lẹ gbàgbé síbẹ̀? Ó ní kò sí. Mo ní èló ni wọ́n wá ń san fún yín? Ó ní ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ gùn ún. Mo mu omi. Mo wá bi í pé èèyàn mélòó ló dé lẹ́yìn rẹ, ó ní wọ́n á tó ọgọ́rin. Ọmọ mi, ọgọ́rin àgbàlagbà ń tẹ̀ lé ọ lójú títì, ẹnikẹ́ni ò sì fipá mú wọn. Tí èyí ò bá jẹ́ ipò, kí ló ń jẹ́ ipò?

Aránṣọ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wa mọ́tò, ìwọ ń wa ẹsẹ̀ ara rẹ, kí n yáa kọ̀wé sí ọ kí o jáwọ́. Ó dùn mí wọra. Mo ní kí òun náà gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, kí a gùn ún láti iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ibi ẹ̀rọ omi, kí a sì padà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò sọ ohun tí màá kọ sínú ìwé yìí.

Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí mo fi kọ́ ọ ni mo gbé jáde. Màmá rẹ fi okùn so ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi kí ṣéènì má baà gbé e jẹ. O ò sọ fún mi pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dùn tó bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn wọ inú ẹ̀wù mi, ó wú, mo gbàgbé ọjọ́ orí mi, mo gbàgbé pé kẹ̀kẹ́ náà ò ní bíréèkì, mo ń juwọ́ sáwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó ń wá ìbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń gòkè bọ̀, àyà mi ń lù kì kì kì, ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́, aránṣọ sì ti ṣáájú. Ẹ̀rù bà mí nítorí rẹ. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mi ò jìnnà sí i, ni mo bá ké sí i pé, “Aránṣọ, mo ń rí ẹ̀yìn rẹ o.”

Òótọ́ ni mo sọ, ẹ̀yìn náà ni mo ń rí, ó sì fẹ̀. Àfi bó ṣe fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lójijì, ó ní kí lòun fi ṣe mí tí mo fi ń wá ikú òun, kí n yáa yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ó dúró sáàárín ọ̀nà, ó ń pe ẹlẹ́rìí. Ibi tó ti ń pe ẹlẹ́rìí ni mo ti kọjá lára rẹ̀.

Nítorí náà èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí: má fi í sílẹ̀. Tí àwọn mẹ́rìndínlógójì yẹn bá tún ṣáájú rẹ, sún mọ́ wọn, kí o ké sí wọn pé ò ń rí ẹ̀yìn wọn. Èyí tó bá gbọ́ èdè wa nínú wọn á dúró.

Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ fún bíréèkì, taya ẹ̀yìn àti tìmùtìmù kan tí mo lè fi jókòó, nítorí àga kẹ̀kẹ́ àtijọ́ yẹn ti bó mi nídìí. Má fi sórí fóònù atúnkẹ̀kẹ́ṣe o, èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, kò sí ohun tó bọ́. Màmá rẹ ní akoto tí o dé sórí nínú àwòrán ti lu jù, kò lè gbomi mọ́, òun ń wá èyí tó dára fún ọ. Ó ní ojú ni kí o yà lọ́jọ́ mìíràn.

Awakọ̀ á yà fún ọ, òkè á tẹ́ fún ọ, o ò ní gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀nà ń pa èèyàn. Nígbà tí mò ń kọ́ ọ, mo máa ń di àga kẹ̀kẹ́ yìí mú, màá máa sáré tẹ̀ lé ọ. Mi ò tíì kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ ni mo wà, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò ní rí ẹ̀yìn rẹ láéláé.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó wà ní ipò kìíní.