Ibi Tí Orúkọ Kinvadie Dé

                                        Ilé Tíṣà,
                                        Òkè Èbúté,
                                        Portskail,
                                        Scotland.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, 1962.

Netta, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Dunedin lókè òkun lọ́hùn-ún? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Eékún tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀ lọ́dọ̀ yín báyìí, bí tiwa ṣe ń wọlé bọ̀. Ẹ kú ewu òjò tí o ní ó wó ògiri ọgbà yín. Ara tèmi le, a dúpẹ́. Mysie, ìyàwó Dod àbúrò mi, ní kí n kí ọ, ó ní òun ṣì ń retí òwú tí o ṣèlérí fún òun.

Àwòrán Ailie ọmọ rẹ àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dé ọwọ́ mi ní oṣù tó kọjá. Mo gbé e sórí pẹpẹ tó wà lókè iná èédú, mo sì ń wò ó lójoojúmọ́. Ọmọ náà rẹwà. Ojú àti àgbọ̀n bàbá wa àgbà ló gbé wá sáyé. Nígbà kan, ohun tí ǹ bá fi dunnú nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti jù ú síná. Jọ̀ọ́, wá ibìkan jókòó kí o tó kà á lọ. Bí Ailie bá wà nítòsí, kà á sínú.

O mọ̀ pé láti bí ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣa ìtàn ìdílé wa jọ, bí àwọn tíṣà mìíràn ṣe ń hun súwẹ́tà. Ibi tí mo bá a dé ni pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti wá. Donald ni wọ́n ń pè é. Oko Kinvadie, lórí òkè tó wà lẹ́yìn Portskail, ló ń gbé kí ìyàn ńlá tó lé òun àti ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sétí òkun ní nǹkan bí ọdún 1697. Àwọn apẹja kò mọ bàbá rẹ̀, wọ́n bá ń fi orúkọ oko tó ti wá pè é. Lédè àwọn ará òkè, orí igbó kékeré ni ìtumọ̀ Kinvadie. Igbó náà kò sí mọ́. Ògiri òkúta méjì ló ṣẹ́ kù, àgùntàn ló ń sá òjò síbẹ̀. N kò rí ìdílé mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ náà. Àwọn ọmọ-ọmọ Donald kan wọkọ̀ lọ sí Pictou ní Kánádà, àwọn kan lọ ṣiṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ní Glasgow, bàbá rẹ, àbúrò bàbá mi, sì kó ẹ̀yin lọ sí Dunedin nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Gbogbo wa tí à ń jẹ́ ẹ lónìí kò ju ọgọ́fà lọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan tó fẹ̀ tó aṣọ tábìlì, mo sì ń fi í yangàn.

Ní oṣù Kẹrin ni ọkùnrin kan wá kan ilẹ̀kùn mi. Dókítà Imlach ni orúkọ rẹ̀, láti Aberdeen ló ti wá, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ tutù.

"Tíṣà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo Kinvadie tó wà láyé," ló wí. "Orúkọ yín ni mò ń tọpa rẹ̀. Orúkọ tó ṣọ̀wọ́n báyìí kò lè pòórá mọ́ni lójú."

Inú mi dùn, Netta. Mo po tíì, mo gbé wàràkàṣì síwájú rẹ̀, mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní Portskail. Láàárọ̀, yóò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ ka ìwé ìrìbọmi àti ìwé tí àwọn alàgbà ìjọ ń kọ ẹjọ́ sí láyé àtijọ́. Lọ́sàn-án, yóò padà wá sídìí ìwé tèmi. Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Kì í béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí èèyàn. Bí èèyàn náà ṣe kú ló máa ń béèrè.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ka ohun kan tó dà kọ láti inú ìwé ọdún 1741 sí mi létí. Wọ́n pe Isbel Kinvadie, ìyàwó apẹja, síwájú àwọn alàgbà nítorí pé ó jó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní òun kò jó, pé ẹsẹ̀ òun ni kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní kó lọ dúró jẹ́ẹ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Kò lè dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n fi mẹ́ta mìíràn kún un.

Bó ṣe kà á tán, ó mú pẹ́ńsùlù pupa, ó fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Isbel lórí ìwé mi. Ó sàmì sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó sàmì sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì. Ó bá wọn dé Pictou, ó ní dókítà kan níbẹ̀ ti kọ̀wé sí òun. Ó bá wọn dé Glasgow, ó sàmì sí àwọn méjì tó kú sílé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ. Ó wá padà sí Portskail níbí. Ó sàmì sí bàbá wa àgbà. Ó sàmì sí bàbá mi.

"Dókítà, kí lẹ̀ ń sàmì sí?"

Kò gbójú sókè. "Àwọn tí ara wọn kò gbọ́ tiwọn mọ́ kí wọ́n tó kú."

"Ẹ ní orúkọ lẹ̀ ń wá."

"Orúkọ ni mò ń wá lóòótọ́, Tíṣà. Àìsàn kan ló ń bá orúkọ náà rìn."

"Ẹ wọlé mi, ẹ mu tíì mi, ẹ wá ń ka òkú mi lọ́kọ̀ọ̀kan!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ilé mẹ́rin ni mo ti sọ òótọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ilé mẹ́rin ló tilẹ̀kùn mọ́ mi."

Ó wá ṣàlàyé. Inú ọpọlọ ni àìsàn náà wà. Èèyàn á dàgbà, á gbéyàwó, á bímọ, kò ní mọ̀ pé òun ní i. Nígbà tó bá lé ní ọgbọ̀n ọdún, tàbí tó wọ ogójì, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rìn bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, inú á máa bí i sódì, títí iyè rẹ̀ á fi lọ. Kò sí oògùn. Bí òbí bá ní i, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè gbà á, ó sì lè má gbà á, kò sì sí àyẹ̀wò tó lè sọ èwo ni. Ẹni tí kò bá gbà á kò lè fi fún ọmọ tirẹ̀.

Netta, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi tó bí mo ṣe fẹ́ kó rí. Àwọn ọmọ ilé ìwé níbí ní eré kan tí wọ́n ń pè ní ìrìn Kinvadie. Wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ káàkiri pápá, wọ́n á máa juwọ́ sí ẹyẹ. Mo ti na ọmọ nítorí rẹ̀ rí. N kò bi ara mi léèrè rí pé níbo ni wọ́n ti rí i.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, dókítà tún padà wá, mo sì mú un lọ sílé Dod. Wọ́n ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, òun àti Mysie àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. O mọ Dod, kò sí ohun tí kì í fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Dókítà, ṣé ìka mi lẹ wá kà?" ló wí. "Mẹ́wàá ni wọ́n. Mysie ló ń lò wọ́n jù, òun ni kẹ́ ẹ bi."

Dókítà ní kó yọ ahọ́n rẹ̀ síta, kó má dá a padà títí òun á fi ka ogún. Dod yọ ọ́. Kó tó ka márùn-ún, ahọ́n náà ti wọlé fíà, bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Dod náà rẹ́rìn-ín. "Ahọ́n mi ò fẹ́ràn dókítà!" Ó tún un yọ, ó tún wọlé. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, Dod nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Mysie gbé ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀, kò sì gbé e mọ́.

Níta, dókítà sọ fún mi pé kí Dod má tukọ̀ mọ́. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún Dod, ó kanra mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àti dókítà yín, ẹ jẹ́ n gbádùn. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà lójú omi. Ṣé ahọ́n ni mo fi ń tukọ̀ ni?"

Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi lọ sójú òkun. Láràárọ̀ ni mo ń dúró sójú fèrèsé títí n óò fi rí ọkọ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, òkun tẹ́ pẹrẹsẹ, oòrùn ràn, kò sí atẹ́gùn kankan. Dod wà nídìí ìtọ́kọ̀. Ó darí ọkọ̀ náà wọnú èbúté, ó sì lọ fi í kọ lu ògiri òkúta níwájú gbogbo ènìyàn. Igi òpó ọkọ̀ já lu Ackie Mair tó ń bá a ṣiṣẹ́, ó sì dá a lẹ́sẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin tó wà létí omi ń sọ. "Ó ti mu yó. Láàárọ̀ kùtù yìí náà?" Dod tí kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló wá bá mi. Ó ní kí n mú ìwé náà wá. Ó fi ìka tẹ orúkọ bàbá wa àti àmì pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìka náà ò sì dúró lójú kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹsẹ̀ Bàbá ló yọ̀ létí omi lọ́jọ́ tó kú sómi yẹn?"

Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀. Mo ń sọ fún ìwọ náà báyìí, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi àti ìyá mi la kọ́kọ́ dé etí omi. A bá kóòtù rẹ̀ nílẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi aago rẹ̀ lé e lórí. Ìyá mi wọ kóòtù náà sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó ní a kò rí nǹkan kan. Títí ó fi kú, a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Dod sunkún. Ọjọ́ kejì, ó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún àbúrò Mysie, ó sì lọ sọ́dọ̀ Ackie lọ tọrọ àforíjì. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ sí kíṣìnì, ó ní kò sẹ́ni tó máa bá òun sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀. Rhoda, àkọ́bí rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló kọ́kọ́ lahùn.

"Bàbá, tí mo bá lọ́kọ, tí n ò jẹ́ Kinvadie mọ́ ńkọ́?"

"Orúkọ kọ́ ni, ọmọ mi," Dod wí. "Ká ní orúkọ ni, ǹ bá ti bọ́ ọ sílẹ̀ fún yín láàárọ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé yìí. Dókítà Imlach ní ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni ojú ọ̀nà ti máa ń dàrú mọ́ òun lójú. Wọ́n á lọ́kọ, wọ́n á gba orúkọ mìíràn, kò ní mọ ibi tí òun á tún wá wọn sí. Ó rí bàbá rẹ lórí ìwé mi, Wattie Kinvadie, tó kú ní Dunedin lọ́dún 1949, tó bí ọmọbìnrin kan. Kò mọ orúkọ tí ọmọbìnrin náà ń jẹ́ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bi mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní n kò mọ̀. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọgbọ̀n ọdún pé kí wọ́n má purọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ bàbá rẹ, kò tíì sàmì kankan. Ó kàn fi àyè sílẹ̀.

Òpin oṣù Kẹwàá ni yóò padà wá. Mo mọ̀ pé oṣù Kìn-ín-ní ni ìgbéyàwó Ailie. Bí o bá ní kí n fún un ní àdírẹ́sì rẹ, n óò fún un. Bí o bá ní kí n dákẹ́, n óò dákẹ́, n óò sì gbé e dé sàárè. Èmi kò ní ọmọ, ọ̀rọ̀ náà rọrùn fún mi láti sọ. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni èmi náà ń gbé ife tíì mi sókè, tí mo ń wò ó bóyá ojú tíì náà á dúró jẹ́ẹ́. Títí di òní, ó ń dúró.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Fi ẹnu ko Ailie lẹ́nu fún mi, má sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Dod ní kí n kí ọ, ó ní òun ò lè mú kálàmù dáadáa, kí o má rò pé òun gbàgbé rẹ.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí o dá mi lóhùn, ohunkóhun tó wù kí o ṣe lórí ìyókù. Ìgbà tí bàbá rẹ kú, o kọ̀wé sí mi pé ọtí ló pa á, pé àwọn ará àdúgbò máa ń rí i tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Netta, ìwọ tí ẹ jọ gbélé, ṣé o fojú ara rẹ rí i tó ń mutí?

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ní ẹlòmíràn bí ìwọ,
Elspet Kinvadie.