Ìwé Tí Wọ́n Kà fún Ògiri

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà

Láti ọjọ́ tí ayé ti dáyé, kò tíì sí ìlú tó fẹ́ràn àwọn tí kò ríran tó ìlú wa yìí. Alága àjọ eré ló sọ bẹ́ẹ̀ lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, ó sì ń dánu dúró lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan kí á lè ráyè pàtẹ́wọ́. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ń bọ̀ wá díje góòlùbọ́ọ̀lù níbí, a kò sì ní fi ẹnì kankan sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀ o. Ẹ̀yìn pátákó ńlá tí àwòrán alága wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi wọ́n jókòó sí. A kò rí wọn títí ètò fi parí.

Láti òní lọ, Gbohùngbohùn ni orúkọ alága náà nínú ìwé yìí. Ó di ẹ̀rọ tó fi ń sọ̀rọ̀ mú bí ìgbà tí èèyàn di ọmọ mú lójú títì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Ògiri ti ibi ìdánrawò dé pẹ̀lú egbò tuntun ní ìgúnpá. Ọmọbìnrin àbúrò mi ni. Èmi ni mo tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ó ti pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n báyìí, ó ti bí ọmọ tirẹ̀, ẹnu mi ò sì tíì ká a.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ògiri. Ẹni mẹ́ta-mẹ́ta ló ń dojú kọ ara wọn. Wọ́n á fi ìbòjú dúdú bo ojú gbogbo wọn, ẹni tó ríran díẹ̀ àti ẹni tí kò rí nǹkan kan, kí ó lè dọ́gba. Wọ́n á wá fi agbára yí bọ́ọ̀lù tó wúwo, tí ṣaworo wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́lé á tẹ́tí sí ṣaworo náà, á ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, á fi ara dí i. Nígbà míì itan ni bọ́ọ̀lù á bá. Nígbà míì ikùn. Nígbà míì ojú. Tí Ògiri bá ti nà sílẹ̀, ó ti tán.

Ojú òsì rẹ̀ kò ríran rí. Ọ̀tún rí ìwọ̀nba: ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, àti òjìji ọmọ rẹ̀ tó bá dúró níwájú ìmọ́lẹ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta, obìnrin, aláriwo – Agogo ni mò ń pè é. Láràárọ̀ ló ń gun àga níwájú fèrèsé, tí á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ògiri, ìyá rẹ̀, á ní, "Mo rí ẹ!" Àwọn méjèèjì á wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yẹn ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Inú ń bí mi gidigidi.

Àyẹ̀wò ojú lónìí. Kò sí agbábọ́ọ̀lù tó lè díje láìṣe é. Dókítà àlejò kò gbọ́ èdè wa, ni wọ́n bá ní kí n wá ṣe ògbufọ̀ – mo ṣáà fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè dókítà náà. Yàrá kótópó lẹ́yìn gbọ̀ngán. Ògiri gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ. Dókítà náà wo ojú rẹ̀, ó wo ìwé ọdún tó kọjá, ó tún ojú wò. Ó wá kọjú sí mi.

Ó ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan? Ó ní omi ti pọ̀ jù nínú ojú ọ̀tún, ó ń ti iṣan ojú láti inú, iṣan náà sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Òun rí i lọ́dún tó kọjá. Òun kọ̀wé sí àjọ wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan: kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí oṣù mẹ́ta tó pé, kó má sì gbá bọ́ọ̀lù yìí títí wọn ó fi ṣe é, torí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lójú lè mú ìyókù lọ. Ó ní iṣẹ́ òun níbí ni kí òun wọn ojú, òun ò lágbára láti dá a dúró. Ògiri fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu. "Sọ fún un," ó ní. "Gbogbo rẹ̀."

Ògiri ní, "Kí ló wí, Mọ́mì?"

Mo sọ fún un pé dókítà ní ojú ọ̀tún ń fẹ́ ìtọ́jú, pé òun kọ ìwé kan lọ́dún tó kọjá, a ó wá ìwé náà rí.

N kò parọ́. N kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ọjọ́ méjì péré ló kù tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Kí n kọ́kọ́ fojú ara mi rí ìwé náà. Olùkọ́ ni mí, n kì í máàkì ohun tí n kò tíì kà.

Ògiri bú sẹ́rìn-ín. "Ìwé yẹn? Kóòṣì ti kà á fún mi tipẹ́. Wọ́n ní ojú mi ò burú sí i, kí n máa gbá a lọ."

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ilé iṣẹ́ àjọ náà. Àtẹ̀gùn méjìlélógún, kò sí irin tí èèyàn lè dì mú, ìwé mẹ́rin sì wà lára ògiri tó ń sọ pé ilẹ̀kùn wọn ṣí fún gbogbo ènìyàn. Mo kà wọ́n bí mo ṣe ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

Akọ̀wé obìnrin tó wà níbẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Màmá, ẹ má ní èmi ni o." Ó fa fáìlì yọ. Ojú ìwé kan péré. Gbogbo ohun tí dókítà sọ ló wà níbẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Lókè, Gbohùngbohùn fi yíǹkì àwọ̀ ewé kọ ọ́ pé: Kóòṣì, bójú tó èyí. A kò gbọdọ̀ pàdánù rẹ̀ kí ìdíje ilé tó dé.

Mo ní kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún mi. Ó ṣe é.

Mo bá Gbohùngbohùn níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan. Ó ń mi bọ́ọ̀lù náà létí bí ẹni tó fẹ́ ra ẹyin. Mo fi ìwé hàn án. Ó ní ètò ti wà lórí ẹ̀. Mo ní ètò wo? Ó ní lẹ́yìn ìdíje. Mo ní oṣù mẹ́ta ni dókítà fún wa, ọdún kan ti lọ. Ó wá rọ ohùn rẹ̀, ohùn tó ń lò tí kámẹ́rà bá wà nítòsí: "Màmá wa, ṣé ẹ ò fẹ́ kí ọmọ yín di akọni ni?"

Mo ní rárá, mo fẹ́ kó rí ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń ya fọ́tò náà sọ ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀. Gbohùngbohùn ní kó gbé e.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Fèrè – kóòṣì wọn. Ó máa ń gbé fèrè kọ́rùn, ó jọ pé ó ń gbé e sùn. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nínú gbọ̀ngán, ó ń fi téèpù lẹ okùn mọ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ lè fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ mọ ibi tí ìlà wà. Iṣẹ́ tó mọ́ ọwọ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Èmi ni mo kọ́ ọmọkùnrin yìí ní èdè tí wọ́n fi kọ ìwé yẹn, ọdún mẹ́rin gbáko, ìlà kejì, ìtòsí ilẹ̀kùn.

Mo na ìwé sí i. Mo ní, "Kà á."

Ó dìde. Ó kà á sókè, ó sì túmọ̀ rẹ̀ gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Kí ni mo ti ń rò láti ìjẹta? Mo ti ń rò pé bóyá kò yé e ni. Bóyá èmi ni mi ò kọ́ ọ dáadáa. Mo fẹ́ kó kọsẹ̀ níbì kan, kí n lè dá ara mi lẹ́bi kí n sì máa lọ sílé. Ó já gaara. Tó bá jẹ́ ìdánwò ni, ǹ bá fún un ní gbogbo máàkì.

"Mà," ó ní, "tí mo bá kà á bó ṣe wà, kò ní gbá mọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n. Kí ló kù fún un?" Mo ní ojú kan ló kù fún un. Mo sọ àwọn nǹkan mìíràn tí n kò ní kọ síbí, torí mo ṣì fẹ́ kí ìwé yìí mọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó doríkodò. Ó wá bi mí pé ṣé mo ti sọ fún un.

Mo ní kò kàn án.

Wọ́n borí nírọ̀lẹ́. Mẹ́rin sí òdo.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo fẹ́ sọ ọ́ láàárọ̀. Wọ́n tún borí. N kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ wúkọ́. Rẹfirí á ní "Ẹ dákẹ́!", gbogbo gbọ̀ngán á pa lọ́lọ́, ṣaworo nìkan lò ń gbọ́. Gbohùngbohùn nìkan ni fóònù rẹ̀ dún. Wọ́n ní kó pa á. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n ní kó dákẹ́, tó sì dákẹ́.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Àmì kan ni a fi ń ṣáájú. Ọmọ gíga kan ní ìhà kejì ju bọ́ọ̀lù tó ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ògiri ti nà sílẹ̀, ó ti gbọ́ ọ. Ojú ló fi gbà á.

Mo gbọ́ ìró náà. Ṣaworo dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ jáde nímú rẹ̀ sórí ilẹ̀ funfun yẹn. Wọ́n nu ún. Wọ́n bi í pé ṣé yóò jáde, ó mi orí. Fèrè wò mí láti ìsàlẹ̀, mo wò ó. Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó dìde.

Wọ́n borí. Gbogbo gbọ̀ngán hó yèè. Èmi náà hó. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé ó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Aago méje àárọ̀ ti kọjá. Oòrùn ti bo ibùsùn Ògiri. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"

Agogo wà lórí àga níwájú fèrèsé, ọwọ́ méjèèjì lókè. Ó dúró títí. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ rí mi?"

Mo mú ìwé jáde, mo kà á fún un. Gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n tún un kà. Ó ní kí n ka déètì tó wà lókè. Kò sunkún. Ó ní kí n fún òun níwèé náà, ó ká a, ó fi sápò.

A lọ sílé ìwòsàn. Àwọn tó kù gba àṣekágbá láìsí i. Mẹ́fà sí méjì, wọ́n lù wọ́n bí aṣọ. Mo gbọ́ Gbohùngbohùn lórí rédíò ìyá aláìsàn kan: ó ní Ògiri fi ojú rẹ̀ ta orílẹ̀-èdè lọ́rẹ. Mo pa rédíò náà. Obìnrin náà ní kí ló dé? Mo ní kò ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ o, wọ́n jí i ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Dókítà ibí kò ṣèlérí nǹkan kan. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá. Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni "tètè" yẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ ọdún ni, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kó ìyókù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Fèrè wá. Kò gbé fèrè kọ́rùn. Mo dí ẹnu ọ̀nà, mo ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nítorí àwọn aláìsàn, mo pè é ní olè, mo pè é ní onírọ́ tó mọ̀wé. Ògiri ní láti orí ibùsùn, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó wọlé."

Ó jẹ́wọ́ fún un. Kò fi alága bora, kò fi ìyọ́nú bora. Ògiri ní, "Ó dáa. Máa lọ." Bẹ́ẹ̀ péré. Ó lọ. Mo ṣì ń bínú nígbà tí àwọn méjèèjì ti parí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n tú báńdéèjì láàárọ̀. Wọ́n tan iná sí i. Ògiri ní, "Ẹ ti tàn án ni?"

Wákàtí mẹ́ta ti kọjá. Mo ń bó ọsàn. Ó wá mú ìwé náà jáde lápò, pẹ̀lú fóònù tuntun tí wọ́n pín fún ẹgbẹ́ wọn lóṣù tó kọjá, èyí tó ń ka ìwé sókè, tó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Ó ní òun ti ní kí fóònù kà á fún òun lẹ́ẹ̀mẹrin láti àná. Èdè wa ò tọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń pe ohùn gbogbo bákan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi kà ló kà, ó ní. Ó ní mo kà á dáadáa.

Mo ní ẹ ṣé o. N kò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ká ìwé náà padà. Ó ní ti ìwé ti yé òun. Ohun tí wọ́n bá fẹnu sọ ni fóònù ò lè padà lọ kà. Ó yí ojú rẹ̀ sí ibi tí ohùn mi wà.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Mọ́mì, kí ni dókítà yẹn sọ gan-an?"