Oògùn Tí Mo Fún Ọkọ̀ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọwọ́ rẹ. Mo gbàdúrà kí jáàkì má yọ̀ nígbà tí o bá wà lábẹ́ ọkọ̀, kí irin gbígbóná má ta sí ọ lójú, kí oníbàárà tó bá bínú wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ máa rẹ́rìn-ín jáde. Bá mi kí àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí n kọ ọ́ pé ó pẹ́ tí mo ti kọ lẹ́tà sí ọ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́, nítorí n kò kọ ọ̀kan rí. Ìyá rẹ ló máa ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èmi á jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, n ó ṣe bí ẹni tó ń kàwé, gbogbo etí mi á sì wà lọ́dọ̀ yín.

Ilé wà bó o ṣe mọ̀ ọ́n. Páànù tó jò lórí ilé ìdáná, a ti lẹ̀ ẹ́. Adìẹ wa tó sọ nù padà wá fúnra rẹ̀, ó kó ọmọ mẹ́sàn-án lẹ́yìn, ó ń yan bí ẹni tí ìjọba rán lọ kọ́ṣẹ́. Igi tó wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá rẹ ti ga ju òrùlé lọ. Mo mọ̀ pé mò ń rìn yí ọ̀rọ̀ po. Nílé-ìwé, bí ọmọ kan bá bẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀ láti ibi tó jìnnà tó báyìí, gègé pupa ni mo fi ń fa ìlà sí i. Jẹ́ kí n fà á sí tèmi náà.

Ìyá rẹ wà láàyè. Èyí ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ kà, kí o lè mí. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo jẹ́ kó burú tó bẹ́ẹ̀. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

O rántí bí ọkọ̀ yẹn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Òkú ọkọ̀ lo rà, ọwọ́ ara rẹ lo fi jí i, o wá rán awakọ̀ kó wà á wá. O ní ti Màmá ni, ṣùgbọ́n kí Bàbá máa wà á nítorí ojú Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà mọ́. Ìgbà mẹ́ta ni mo yí i po bí ẹni tó ń yẹ aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, n kò rí àléébù kankan, ó sì dùn mí pé n kò rí. Mo ṣí iwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. N kò sọ pé o ṣeun. Ọjọ́ tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo rántí, ọjọ́ tí wọ́n fà ọ́ yọ lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, tí mo gbé ọ dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé, tí gíríìsì ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Mo nà ọ́ ní mẹ́fà ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, mẹ́fà ní ti òsì. Mo ní kí wọ́n wo ẹni tó fẹ́ ìdọ̀tí ju ìwé lọ. Ẹnì kan kígbe Ìyá Gíríìsì láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá wọn, tí mo tún jẹ́ bàbá rẹ, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹgba yẹn ti jinná. Ẹ̀rín yẹn ni n kò mọ̀ bóyá ó jinná.

Nítorí náà mo pinnu pé ẹ́ńjìnnì tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe yìí kò ní dọ̀tí lọ́wọ́ mi. N kò lè sọ ọ́ fún ọ, mo ní n ó fi ìtọ́jú rẹ̀ sọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta epo ní oríta sọ fún mi pé epo méjì ló wà, ọ̀kan jẹ́ epo lásán, èkejì jẹ́ epo olówó ńlá tó ń fọ inú ẹ́ńjìnnì bó ṣe ń lọ. Ó tún fi ìgò kékeré kan hàn mí lórí pẹpẹ, oògùn tí wọ́n ń dà sínú epo. Wọ́n ya ẹ́ńjìnnì méjì sára ìgò náà, ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò, èkejì ń dán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Wọ́n ní ìgò kan fún táǹkì tó kún. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà, nítorí mo rò pé mo mọ̀ ju ìwé lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní oògùn aràn ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ̀ pé òfìfo inú ni wọ́n fi ń lò ó. Ta ló ń fún ọmọ tó ti yó ní oògùn aràn? Mo bá sọ ọ́ di òfin. Bí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù bá ti ń bọ̀, n ó febi pa mọ́tò títí abẹ́rẹ́ tó ń ka epo á fi sùn sílẹ̀ pátápátá. Láàárọ̀ Sátidé n ó da ìgò méjì sí i, nítorí ó tóbi ju ọmọ lọ, n ó fi epo olówó ńlá díẹ̀ tẹ̀ lé e bí omi tí wọ́n fi ń gbé oògùn mì, n ó sì tan ẹ́ńjìnnì kó rò ó pọ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó fún un lóúnjẹ.

Ní oṣù kẹta tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, iná kékeré kan tàn níwájú ṣítíárìn, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n ya ẹ́ńjìnnì sí i. Mo pe ìyá rẹ kó wá wò ó. Mo ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń dúpẹ́ yìí. Mo kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. Ìyá rẹ wò ó títí, ó ní òun ò rí ọpẹ́ tó ń ṣẹ́jú síni báyìí rí. Kò bá mi jà. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọ, ìgò, ebi, iná, o sì fi ohùn rẹ ránṣẹ́ padà.

Ó gbé e wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tí o kí mi. Mo gbọ́ tí o ní kí n jọ̀ọ́, kí n má febi pa mọ́tò mọ́, ebi kì í fọ ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni mo ti ní kó pa á. Mo ní èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di gègé mú, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní ìwé kíkà. Ìyá rẹ pòṣé. Ó ní ẹni tó kọ́ ènìyàn ní ìwé kíkọ, ṣebí ó yẹ kó lè ka ohun tí ẹni náà bá kọ. Ó ní orí kunkun mi yìí, bí wọ́n bá fi ṣe òkúta ìlọta, kò ní jẹ. Ó rẹ́rìn-ín wọlé lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn tó já gaara nìyẹn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ oògùn. Mo ti febi pa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ méjì, mo ti da ìgò méjì sí i láàárọ̀. Ìyá rẹ ń ká aṣọ lórí okùn. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó tẹ̀ ba láti mú un, kò lè dìde mọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Káfíńtà tó wà ní ojúlé kejì ló bá mi gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo sáré da epo inú kẹ́ẹ̀gì tó yẹ kó jẹ́ oúnjẹ alẹ́ ọkọ̀ sínú táǹkì, a sì gbéra. A kọjá ilé ìlagi, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó kú. Káfíńtà ṣí iwájú rẹ̀, ó ń wò ó, èmi náà ń wò ó. Ó bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní kò lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì, pé ẹ́ńjìnnì mọ́. Ọmọ mi, mo dúró sójú títì pẹ̀lú ìyàwó mi tó ń kú lọ, mò ń gbèjà ìmọ́tótó ẹ́ńjìnnì.

Wákàtí méjì àbọ̀ la lò níbẹ̀. Ọkọ̀ tó kọjá kò dúró. Ojú kan ni ìyá rẹ fi ń wò mí. Ọkọ̀ akóbíríkì kan ló gbé wa nígbẹ̀yìn, ó rá pálá títí ó fi gbé wa dé ilé ìwòsàn. Dókítà wo aago, ó wo ìyá rẹ, ó ní oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀, àkókò náà sì ti kọjá.

Nọ́ọ̀sì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Àyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti béèrè ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ tán síbẹ̀, láti orí ọjọ́ tí mo nà ọ́ títí dé ilé ìlagi, mo sì tọrọ ìwé sí i. Nọ́ọ̀sì kà á, ó ní Bàbá, aago tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ nìkan la fẹ́. Mo ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ka nọ́ńbà fóònù ọmọ wa fún òun. N kò mọ̀ ọ́n.

Mẹkáníìkì tó fa ọkọ̀ náà wálé tú asẹ́ epo rẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní fílítà, ó fi hàn mí. Ẹrẹ̀ dúdú ló dí i pa. Ó ní oògùn inú ìgò kì í ṣe irọ́, epo olówó ńlá náà kì í ṣe irọ́, wọ́n ń jẹ́ kí ohun tó mọ́ pẹ́ kó tó dọ̀tí, bí a bá sì lò wọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bó ìdọ̀tí àtijọ́. Ṣùgbọ́n táǹkì ọkọ̀ àgbà ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Mo febi pa á, mo fi oògùn rú u sókè, gbogbo rẹ̀ sì wọ́ lọ sínú asẹ́. Ó ní iná yẹn ti ń pariwo rẹ̀ fún mi láti oṣù tó kọjá. Ó bi mí bóyá mo tún fún un ní omi gbígbóná mu lẹ́yìn oògùn, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wo ẹ́ńjìnnì. Ó ní ta ló ṣe èyí? Ó ní epo lásán tó dára, àti ọ́ìlì tí a bá ń pààrọ̀ lásìkò, ti tó irú ẹ́ńjìnnì báyìí. Mo ní ọmọ mi obìnrin ló ṣe é. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó ku ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún nìyí tí o ti ń kọ̀wé sórí fóònù ìyá rẹ. Èmi ni mò ń dá ọ lóhùn. Èmi ni mo kọ ọ́ pé ara òun le, pé etí fóònù ló bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí òun kò fi ń gbé ìpè. Mò ń fi àdúrà rẹ̀ sí i kó lè jọ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì o bi í pé kí ló dé tí kò bá ọ ṣàwàdà mọ́. N kò mọ àwàdà ṣe.

Lánàá, ìyá rẹ na ọwọ́ òsì sí fóònù títí ó fi yé mi pé ohùn rẹ ló fẹ́ gbọ́. Mo fi ohùn yẹn sí i, èyí tí mo ní kó pa lọ́jọ́sí, mo sì jẹ́ kó parí. O ní iná yẹn kì í dúpẹ́, igbe ló ń ké. O ní bí ọkọ̀ bá dákú lójú ọ̀nà, kí Bàbá má fòyà, asẹ́ tuntun àti spánà tó bá a mu wà nínú àpò kan lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, pé oníṣẹ́ ọwọ́ èyíkéyìí lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà o ní, Bàbá mi, ẹ ṣé tí ẹ ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì mi.

Mo jáde lọ wo abẹ́ ìjókòó. Àpò náà wà níbẹ̀. Káfíńtà wà lọ́dọ̀ wa lójú títì, ó ní ọwọ́ méjèèjì. Wákàtí méjì àbọ̀ ni ìyá rẹ fi sùn lé asẹ́ náà lórí.

Wọ́n ti fi í sí i. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́.

O mọ̀ pé lẹ́tà òbí kì í parí láìtọrọ owó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni n ó máa gbé ìyá rẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń na apá rẹ̀, nítorí náà fi owó epo ránṣẹ́ sí wa, epo lásán ni o, kí o sì kọ irú ọ́ìlì tí o fẹ́ fún mi, n ó rà á gẹ́gẹ́ bí o bá ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí agbára rẹ kò bá ká owó yìí àti owó ọkọ̀ tìrẹ wálé, fi owó epo sílẹ̀, kí o máa bọ̀. Dókítà ní irú àìsàn yìí máa ń padà wá kan ilẹ̀kùn, kì í sì dúró pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí ìyá rẹ lè pè, “ọmọ” ni. Mo máa ń dáhùn, ó sì máa ń mi orí pé kì í ṣe èmi.

N kò ní da ẹ̀bẹ̀ dídùn sórí ohun tí mo ti fi ọdún mẹ́tàlélógún dọ̀tí, mo ti rí ibi tí irú rẹ̀ ń já sí. Bí o bá dé, máa bi mí léèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, n ó máa dáhùn. Mẹkáníìkì ní òun lè pa iná iwájú ṣítíárìn náà. Mo ní kó fi í sílẹ̀ títí ẹni tó mọ èdè rẹ̀ yóò fi dé.

Ọwọ́ rẹ méjèèjì tí mo nà, kò ní gbọ̀n, kò ní rọ, kò ní kan ohun tó ti kú kó má jí. Ọ̀nà á là fún ọ wálé. Má pẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.